Bí Mo Ṣe Pa Ariwo Inú Ampilifáyà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tan ampilifáyà sítẹ́rìò tí mo fi áísì LM3886 méjì (ẹ̀rọ kéékèèké tí ń gbé ohùn sókè) ṣe, ohùn kan ń kùn láìdákẹ́ nínú sípíkà méjèèjì, kódà nígbà tí mo yí fólúùmù wálẹ̀ pátápátá. Iná tí ń wọ inú àwọn capacitor ńlá, ìyẹn àwọn tí ń tọ́jú iná pamọ́ fún ampilifáyà, kì í ṣàn wẹ́rẹ́. Ṣe ni ó ń ya wọlé ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí gírááǹdì ohùn, ìyẹn ọ̀nà tí iná ohùn ń gbà padà, bá sì bá a pín wáyà kan náà, fóltéèjì kékeré tí ó yọ lórí wáyà náà yóò di ariwo tí ampilifáyà yóò gbé sókè.

Mo wá kó gbogbo gírááǹdì jọ sí ojúkò kan ṣoṣo lẹ́yìn àwọn capacitor, mo fi ike ya àwọn ihò RCA tí ohùn ń gbà wọlé kúrò lára àpótí irin, wáyà kan péré ni mo sì fi so ojúkò náà mọ́ àpótí. Ìkùn náà lọ.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì ààbò ńkọ́? Mo fi bóòtù dè é mọ́ àpótí gbọin-in. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gé e nítorí ariwo, nítorí bí iná bá kan àpótí, òun ni yóò jẹ́ kí fíúsì já kí iná tó gbé ènìyàn.