Ikú Tó Fẹ́ Pa Mí, Gèlè Ló Ṣí Lórí Mi

Ẹ bá mi dúpẹ́ o. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó ni ẹ̀mí wa. Mo wà láàyè, ọwọ́ mi pé, ẹsẹ̀ mi pé. Mo ti pinnu pé n ò ní kọ nǹkan kan síbí títí ara mi á fi balẹ̀, torí ẹni tí àyà rẹ̀ ṣì ń já kì í rò ó re. Ara ti wá balẹ̀ báyìí. Lánàá ni mo tó bọ́ bàtà kí n tó sùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí láti Houston, n ò ní máa tún ìtàn rò fún yín. Ẹ mọ bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe parí, ẹ mọ ohun tójú mi rí lẹ́yìn tí Dádì wọn sùn, ẹ sì mọ̀ pé owó ìfẹ̀yìntì mi ò lè gbé mi ní Texas, àfi tí mo bá fẹ́ lọ há sí yàrá kan nílé ọmọ. Ni mo bá wá sí Antigua Guatemala, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Guatemala, níbi tí mo ti lè sanwó ilé, kí n jẹ píà tó dáa, kí n sì fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà láìtọrọ ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Àwọn kan ní orí mi ti dà rú. "Màmá, ìlú tí òkè ti ń yọ iná?" Fuego ni wọ́n ń bá wí, wọn ò sì purọ́. Bí mo bá gun òkè àjà ilé mi láàárọ̀, mo ń rí èéfín tó ń bì sókè. Ní June 3, 2018, ó ya bo San Miguel Los Lotes, ó sì sin abúlé náà pẹ̀lú àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń wo Fuego. Fuego jókòó síbi tó wà lọ́jọ́ tí tèmi dé. Ilẹ̀ tí mo tẹ̀ ló mì.

July 8, 2025 ni, ọjọ́ Tuesday. Mo lọ kí Seño mi ní Santa María de Jesús, ìlú tó wà lára òkè Agua lókè Antigua níbẹ̀. Ẹ ti rí i nínú fọ́tò tí mo máa ń fi síbí: obìnrin kúkúrú tó ń ta tortilla, búrẹ́dì pẹlẹbẹ alágbàdo wọn, ní igun àdúgbò mi, tó máa ń wọ huipil, bùbá híhun wọn, tó máa ń fi èyí tó gbóná jù pamọ́ dè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bímọ. Nígbà tí mo dé, agbẹ̀bí wọn, comadrona, ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìyá ọmọ jáde nínú tuj ni, ilé kékeré tí wọ́n ń da omi sórí òkúta gbígbóná nínú rẹ̀ kí ooru lè tún ara olómọ tuntun ṣe. Èmi tí ìyá mi fi omi gbígbóná bó lára nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi lága, wọ́n gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀.

Aago mẹ́ta ti lé díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kọ́kọ́ mì. Seño pariwo pé "Afuera!", ẹ bọ́ síta! Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo wa ti wà lójúde, ọmọ wà láyà mi. Ó mì, ó dáwọ́ dúró. Ajá ń gbó káàkiri. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń se nǹkan ti ń ronú àtipadà sídìí iná rẹ̀. Báàgì mi wà nínú yàrá: páàsípọ́ọ̀tù, kọ́kọ́rọ́ ilé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo ní kí n yára mú un.

Seño gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Orí rẹ̀ ò ju èjìká mi lọ, àmọ́ ọwọ́ tó ti ń yí tortilla lórí comal, àwo pẹlẹbẹ ìdáná wọn, nígbà tó gbóná, láti kékeré láìlo ṣíbí, kì í ṣe ọwọ́ tí èèyàn kàn ń já gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní oògùn mi wà níbẹ̀. Ó ní rárá. Mo ní n ò ní pẹ́. Kò tún dá mi lóhùn mọ́, ó kàn ń fún ọwọ́ náà ni. Inú ti ń bí mi, ẹ sáà mọ̀ mí. Ibẹ̀ la wà tí èkejì fi dé.

Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ mímì ní Amẹ́ríkà ní 5.7 ni ìwọ̀n agbára rẹ̀. Èmi ò mọ 5.7. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó kọ́kọ́ dún lábẹ́ ilẹ̀ kó tó mì, pé ẹsẹ̀ mi ò gbà mí dúró mọ́, àti pé ògiri yàrá tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kan, ògiri bíríkì amọ̀ tí wọn ò sun níná, là láàárín, ó sì wó sínú. Tááìlì òrùlé tẹ̀ lé e. Eruku bo gbogbo wa, a ò rí ara wa. Nígbà tó lọ sílẹ̀, mo wá àga tí mo jókòó lé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ síta.

Ọwọ́ Seño ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ìka rẹ̀ dúdú síbẹ̀, ó pẹ́ kó tó parẹ́.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí olè kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa lórí ìkúnlẹ̀, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yìí ní gbangba, torí ilé tirẹ̀ ló wó níṣojú rẹ̀, síbẹ̀ èmi àlejò ló dì mú. Kó tó lọ wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹrù rẹ̀, ó ti wá ibi tí màá jókòó sí. Àwọn kan ò rù ú là lọ́jọ́ náà, ní Santa María níbẹ̀ àti lójú ọ̀nà Palín tí òkúta ti já lu ọkọ̀. N ò ní yọ ayọ̀ tí màá fi gbàgbé àwọn tó ń sunkún.

Ìta la sùn, lábẹ́ náílọ̀n, nínú òjò. Ilẹ̀ ò yéé mì ní gbogbo òru. Orí ń fọ́ mi, kò sí oògùn, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹlòmíì wá ń ka ìlù àyà ara mi. Wọ́n gbé atol, ògì àgbàdo wọn, fún mi, èmi àti àwọn ìyá arúgbó ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Erùpẹ̀ ti ya bo ọ̀nà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọkùnrin ìlú ti gbé ṣọ́bìrì, àwọn Bomberos Voluntarios, àwọn panápaná tó ń yọ̀ǹda ara wọn, náà dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Seño ló mú mi gba orí erùpẹ̀ náà kọjá, a rìn díẹ̀, ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù gbé wa. Ilé mi ní Antigua kàn sán lára ògiri ni.

Antigua fúnra rẹ̀ mọ ìyà yìí. July 29, 1773 ni ilẹ̀ mì tó wó o nígbà tó jẹ́ olú ìlú, ní 1776 wọ́n sì kó ìjọba lọ síbi tó di Guatemala City lónìí. Àwókù ṣọ́ọ̀ṣì ayé ìgbà yẹn ṣì wà káàkiri, àwọn arìnrìn-àjò ń sanwó wọ inú rẹ̀ lọ ya fọ́tò. Èmi náà ti yà á rí. Ẹ ò ní rí mi níbẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Mo fẹ́ bá àwa àjèjì tá a jọ ń gbé Antigua sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, àìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn kan nínú wa ń ráhùn lé lórí. Àwọn kan náà ló ń ra kọfí olówó gọbọi láìbi ẹnikẹ́ni, tí wọ́n á sì bá obìnrin onítortilla já nítorí quetzal kan, owó ibí. Ẹ kọ́ èdè àwọn tó gbà yín sílé. Ẹ kí wọn. Ẹ mọ ibi tí ẹni tó ń tajà fún yín ń sùn. Ẹ fi oògùn yín àti páàsípọ́ọ̀tù sínú báàgì kékeré lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì bi onílé léèrè ohun tí wọ́n fi mọ ògiri kí ẹ tó sanwó. Mo mọ̀ pé ẹ ò bi mí.

Ó wá ku ẹ̀yin ará WhatsApp. Fóònù mi wà lábẹ́ ògiri, àwọn ọmọ mi ń pè mí títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnì kan ti kọ RIP síbẹ̀, àwọn yòókù sì ń ṣe àmín tẹ̀ lé e. Mo rí orúkọ gbogbo yín. Ẹlòmíì, ẹ máa ní sùúrù kó kú tán. Bàbá ìjọ tó sì sọ pé òun ti sọ ọ́, pé ìlú kèfèrí ni, ẹ jọ̀wọ́ sà, èèyàn ń kú lójú títì Houston lójoojúmọ́, ẹ ò sì tíì kó kúrò níbẹ̀.

N ò bọ̀ o. Àwọn tó ń béèrè pé báwo ni Seño: ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá àti ọmọ ń ṣe dáadáa, páànù la ó fi bo ilé tuntun, tááìlì kọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí i, kó bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn ọmọ mi á se ìrẹsì ìdúpẹ́ lẹ́yìn ìsìn ní Sunday tó ń bọ̀ ní Houston. Ẹ lọ jẹ ẹ́. Ẹni tó kọ RIP, ìwọ náà lọ, mo ti ní kí wọ́n bu ẹran sí tìẹ dáadáa.