Hilux wa ti ń di ẹlẹ́yìn pẹrẹsẹ: ibi tí iṣẹ́ dé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Irin ẹ̀yìn ti jókòó sórí ṣáásí, egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, báyìí, pákó ló kù ká kàn tán, inú mi sì ń dùn débi pé tí mo bá ti ṣíwọ́ níbi iṣẹ́, Gáà-Akanbí ní Ìlọrin níbí, níbi tá a ti ń ṣe é, ni mo ń gbà lọ tààrà.

Fún ẹni tí ò mọ̀ nípa ẹ̀, Hilux àtijọ́ ni, single cabin (oníjókòó iwájú nìkan), ẹ́ńjìnnì 22R lítà 2.4 tó ń lo kábúrétọ̀, ẹni tó bá ti lo ẹ́ńjìnnì yẹn rí mọ̀ pé kì í kú bọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló ti kú. Ó ti dógùn-ún débi pé àgbàdo ń jò sójú títì láti Ìdọ̀fìàn wálé. Wọ́n ní kí n lọ wá ẹ̀yìn tòkunbọ̀ ní Táíwò, mo ní rárá, torí ẹ̀yìn yẹn fúnra ẹ̀ ò bá iṣẹ́ tí mo ń fi ọkọ̀ ṣe mu. Ibi tí táyà ti wú sínú lọ́tùn-ún lósì ti gba ààyè, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ga, tí àpò ẹ̀gẹ́ bá wà níwájú pátápátá àfi kéèyàn gun orí ọkọ̀ lọ bá a. Tẹ́yìn bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta lèèyàn ti lè kó ẹrù, á sì dúró sílẹ̀ gbé e.

Títú

A kọ́kọ́ yọ orí bátìrì. Lẹ́yìn náà la tú ọ̀fun tí wọ́n ń gbà bu epo, torí ara ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n dè é mọ́, ẹni tó bá gbé ẹ̀yìn sókè láìtú u máa fà á ya ni. Àwọn bóòtù ti gan, a da kẹrosíìnì pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì sí wọn di ọjọ́ kejì, àwọn kan gbà, àwọn kan ò gbà, àwọn tí ò gbà yẹn gíráíńdà ló máa gé wọn, gíráíńdà sì ń ta iná, ìdí nìyẹn tá a fi sọ táńkì epo kalẹ̀ tá a gbé e jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó tan gíráíńdà. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní epo ti tán nínú táńkì. Oru epo tó kù síbẹ̀ gan-an ló ń bú gbàù.

Nígbà tí ẹ̀yìn kúrò, mo mú hámà kékeré, mo lu ṣáásí látorí dé ìdí, mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Irin tó ṣì le máa ké gan-an, ibi tó bá ti jẹrà nínú máa dún pọ̀ọ̀. Tiwa ké délẹ̀, alhamdulillahi. A fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á, a kùn ún ní red oxide, ọ̀dà pupa tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì, torí tí irin tuntun bá ti gorí ẹ̀, ọwọ́ ò ní débẹ̀ mọ́.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ láìsí ẹ̀yìn lórí ẹ̀, ẹ rọra o, ìdí ẹ̀ á fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn á tètè yọ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréékì. Tiwa ní fáàfù kan nítòsí ásìlì ẹ̀yìn (irin ìdábùú tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà lára ẹ̀) tó ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó kó tó mọ iye agbára tó máa fún bíréékì ẹ̀yìn, mo ti sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ọ̀pá ẹ̀.

Irin

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bọ̀ọ̀dá wẹ́dà tó ń bá mi ṣe é mọ iṣẹ́ gan-an, ó ní, "Àbúrò, jẹ́ n jó o mọ́ ṣáásí, kò ní mì láéláé." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, pé kò ní mì yẹn gan-an ni mi ò fẹ́." Tí táyà ọ̀tún bá wọ kòtò tí tòsì ṣì wà lókè, ṣáásí máa ń lọ́ díẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ọ̀nà oko wa sì kún fún kòtò. Tẹ́ ẹ bá jó irin mọ́ ọn, ojúkò yẹn ò ní lè lọ́ mọ́, iná tí wọ́n fi jó o sì ti sọ irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ di aláìlágbára, ibẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí sán, sísán yẹn á sì máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Torí náà ihò tí Toyota fúnra wọn ti lu la lò, a fi bóòtù dè é, a sì fi U-bolt, bóòtù tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, kún un bíi ti síprín. A gé rọ́bà táyà sáàárín irin àti irin kí wọ́n má baà máa jẹ ara wọn. A tún fi àlàfo ìǹṣì 2 sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn àti orí ọkọ̀, torí tí ṣáásí bá lọ́, àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ kanra.

Ẹ̀gbọ́n gbà nígbà tí mo fi ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, U-bolt ni wọ́n fi de ẹ̀yìn tiẹ̀ náà.

U-channel (irin tó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta bíi lẹ́tà U) oníǹṣì 4 méjì ló sùn lórí ṣáásí, irin ìdábùú wà lórí wọn ní ìǹṣì 16 síra wọn, angle iron, irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L, yí gbogbo ẹ̀ ká. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 6 ní ìbú. Mo fẹ́ràn ìwọ̀n yẹn torí ó rọrùn láti yẹ̀ wò: láti igun kan sí igun kejì tó dojú kọ ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 géérégé, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti wọ́ nìyẹn. Tákì, ìyẹn jíjó tó-tò-tó, la kọ́kọ́ fi mú gbogbo ẹ̀, a wọ̀n ọ́n, a lù ú bọ̀ sípò, a tún un wọ̀n, ká tó wá jó o délẹ̀, a ń jó díẹ̀ lápá ọ̀tún ká tó lọ sósì kí ooru má baà fà á sápá kan.

Táyà náà ńkọ́? Lókè ásìlì, rọ́bà kan wà tí ásìlì máa lọ gbá tẹ́rù bá wọlẹ̀ jù. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín rọ́bà yẹn àti ásìlì, àlàfo táyà sí ilẹ̀ pákó gbọ́dọ̀ jù ú lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ táyà á máa fá pákó.

Pákó

Apá la rà ní Sawmill, oníǹṣì kan tó fẹ̀ ní ìǹṣì 6, ẹsẹ̀ bàtà 12. Àfáà káfíńtà fẹ́ ká tò ó dábùú ọkọ̀ torí 12 á là sí 6 méjì gééré, kò ní sí èyí tó ṣòfò, ọ̀rọ̀ wọn sì mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ àpò la máa ń wọ́ látẹ̀yìn lọ síwájú, tí pákó bá sùn ní gígùn, àpò á yọ̀ lọ wẹ́rẹ́, tó bá dábùú, gbogbo ojú ìpàdé ló máa kọ́ ọ. Gígùn la ṣe. Ẹsẹ̀ bàtà 4 tó ṣẹ́kù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa fi ṣe ẹ̀gbẹ́ tó ṣe é yọ.

Apá le, ẹ lu ihò kẹ́ ẹ tó ki bóòtù bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí orí bóòtù rì wọnú pákó kó má baà ya àpò. A fi àlàfo tó gba ìṣó sílẹ̀ láàárín wọn, omi á ráyè jò, pákó náà á ráyè wú tójò bá dé. Óìlì kọ́ndẹ̀m la kùn sábẹ́ nítorí ikán, a ò kùn ún sókè, oúnjẹ la ń gbé síbẹ̀.

Iná ẹ̀yìn ṣì kù. Lára ẹ̀yìn àtijọ́, irin bọ́ọ̀dì fúnra ẹ̀ ló ń gbé ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì), àmọ́ báyìí tí rọ́bà àti ọ̀dà ti wà láàárín, mo ti sọ fún rewáyà tó ń ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀ pé kó fa wáyà ẹ́ẹ̀tì ti iná kọ̀ọ̀kan padà sórí ṣáásí, pẹ̀lú iná nọ́ńbà ọkọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló máa wá. Tó bá parí, irin ààbò ẹ̀yìn gíláàsì la máa gbé dúró, ká tó wá di àwọn ẹ̀gbẹ́ mú.