Kí Ló Wà Ní Òdìkejì?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ jiọ́lọ́jì, ẹ wá fi mí rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí mo wọṣẹ́ epo, ọ̀gá àgbà kan wà lọ́fíìsì wa tó ṣì ń fi pẹ́ńsù aláwọ̀ fa ìlà sórí bébà seismic, àwòrán abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi ìró yà, tó gùn ju tábìlì lọ. Àwa ọ̀dọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà wa, à ń wò ó bí ẹni tí ọkọ̀ ti já sílẹ̀.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo dábàá pé kí wọ́n gbẹ́, omi iyọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀. Mo rántí bí wọ́n ṣe kó ẹ̀rún òkúta tó bá ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga gòkè, tí a gbé e sábẹ́ iná ultraviolet. Epo a máa tàn yòò lábẹ́ iná yẹn. Tiwa dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọ̀gá àgbà wo àwòrán mi, ó fi ìdí pẹ́ńsù tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ ti ya. "Kí ló wà ní òdìkejì?" Mi ò bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí. Ní Niger Delta, iyanrìn ìpele òkúta tí wọ́n ń pè ní Agbada ló ń gba epo sára. Ẹrù iyanrìn yẹn ló tẹ amọ̀ rírọ̀ ti Akata, ìpele tó wà lábẹ́ rẹ̀, mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀ fi ya tí apá kan sì rì. Bí amọ̀ bá kọjú sí iyanrìn níbi tó ti ya, epo á dúró. Bí iyanrìn bá kọjú sí iyanrìn, ó lè jò lọ. Kọ̀ǹpútà ti bá mi fa ìlà tó dán gbinrin. Iyanrìn ló wà ní òdìkejì.

Lẹ́yìn náà ni ọjà dàrú. Ní oṣù kẹfà 2014, àgbá epo kan ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tó di oṣù kìíní 2016, kò tó 30. Wọ́n dá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá àgbà náà bá a lọ. Mo padà sí Ìbàdàn, mo ń bá àwọn onílé wá ibi tí wọ́n á gbẹ́ bọhóòlù sí. Ojú kọ́kọ́ tì mí, kí n má parọ́. Òkúta líle ni abẹ́ Ìbàdàn. Ibi tó ti jẹrà àti ibi tó ti sán ni omi ń sá pamọ́ sí. Ìbéèrè bàbá yẹn ni mo tún ń bi ara mi lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ epo ò kú o. Shell ta ẹ̀ka orí ilẹ̀ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Renaissance ní oṣù kẹta 2025, Shell fúnra rẹ̀ wá tẹjú mọ́ òkun jíjìn bíi Bonga, níbi tí omi ti jìn ju mítà 1,000 lọ. Àwọn tó ń ra kànga àtijọ́ nílò ẹni tó lè tún àkọsílẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ yẹ̀ wò, kó rí ohun tí àwọn ará iwájú fojú fò. Àwọn mìíràn ti ń wá lithium, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, náà dára, ẹ kọ́ ọ. Oṣù díẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ká dé ká tún lọ yìí ò sì jẹ́ tuntun. Kí wọ́n tó rí epo ní Oloibiri ní 1956, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Àràròmí, ní Oǹdó, láti 1908. Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ló lé wọn lọ. Ọ̀dà ilẹ̀ (bitumen) ṣì ń sun jáde ní Agbábù, ní Oǹdó kan náà. Bí ẹ bá gba ìsinmi, ẹ wọ mọ́tò lọ síbẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á, ẹ wo iyanrìn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ mú kẹrosíìnì dání o, ọṣẹ nìkan ò lè ṣí i kúrò lọ́wọ́ yín.