Ọ̀fun Kan Lẹ́ẹ̀kan: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Gbígba Ohùn Èkó Sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ fún rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi rán mi ni pé kí n lọ gba ohùn Èkó wá. Mo dúró sí Ìdúmọ̀tà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mo gbé máìkì sókè, mo kó ohùn wákàtí mẹ́ta wálé. Ọ̀gá mi ki íápíìsì sétí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi yọ ọ́. Wọ́n ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kí n padà lọ wá ẹnì kan ṣoṣo.

Mo bá kọ̀ńdọ́ dáńfó kan ní Ọ̀ṣòdì, mo kí i, mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi, mo sanwó ọkọ̀, mo jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ohun tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ni mo wá gbọ́ tuntun. Tí ọkọ̀ bá ṣófo, á fa orúkọ ibi tó ń lọ gùn bí orin: "Ọbáléńdéééé o!" Tó bá ku ẹnì kan kó kún, ohùn á gé kúrú: "Ẹnì kan, ẹnì kan, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Tí èrò bá fẹ́ sọ̀, "Ó wà o!" ni, àtẹ́lẹwọ́ á sì ba ara ọkọ̀ gbà-gbà.

A gba orí afárá Third Mainland, èyí tí wọ́n parí ní 1990, tó gùn ju kìlómítà 11 lọ. Lọ́wọ́ ọ̀tún, èéfín ẹja Makoko ń rú lókè àwọn ilé tó dúró lórí òpó nínú ọ̀sà. Lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ilé gogoro Erékùṣù. Ojú rí méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn àti táyà nìkan ni máìkì gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Makoko, kó lọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Èmi lọ, mo sì gbọ́ àjẹ̀ tó ń kan omi, àwọn ọmọdé tó ń fi èdè Ègùn pe ara wọn láti ojú ilé kan sí èkejì.

Ẹ má fi máìkì pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Mo dán an wò lọ́jà lẹ́ẹ̀kan. Ìyá aláta kan tajú kán rí wáyà rẹ̀, ó dákẹ́, gbogbo ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dákẹ́ tẹ̀ lé e. "Ẹ kú ọjà o" ni kó ṣáájú.

Alẹ́ ni ìyàtọ̀ olówó àti mẹ̀kúnnù ti máa ń hàn sí mi jù, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ní Ìkòyí, jẹnẹrétọ̀ ńlá á gbà á kíá, á máa kùn lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ní Mushin tí mo ń gbé, kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour" ló kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn ọ̀kan ò bá tèkejì mu. Ẹ ó mọ èyí tí epo rẹ̀ ń tán: á máa ṣe bí ẹni tí òsúkè ń ṣe, á bú sókè, á tún rẹlẹ̀. Bí iná bá wá dé, àdúgbò á hó: "Up NEPA!" Ní 2005 ni wọ́n ti yí orúkọ NEPA, iléeṣẹ́ iná ìjọba, padà sí PHCN, PHCN náà kò sì sí mọ́ láti 2013, síbẹ̀ ọmọ tí wọn ò tíì bí ní 2005 ló ń ké e.

Mo ti gba ariwo yẹn ju ogún ìgbà lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí mi ò tètè pa máìkì. Lẹ́yìn ariwo, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pa jẹnẹrétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí èyí tó kẹ́yìn fi dákẹ́, tí ìyá kan nínú yàrá kejì sì rọra sọ pé, "Ọlọ́run, o ṣeun." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kanlẹ̀kùn wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo tọrọ àyè kí n tó lo ohùn wọn.