Gíláàsì, Irin àti Àwọ̀ Lábẹ́ Afárá Thessaly Road

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ìhà Battersea ní Lọ́ńdọ̀nù á mọ afárá rélùwéè tó dábùú Thessaly Road. Abẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀. Àwa tá a máa ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ńṣe la máa ń sáré kọjá níbẹ̀. Ní 2019 ni Yinka Ilori, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, gbé pátákó aláwọ̀ mèremère 56 kọ́ sí ara ògiri rẹ̀. Happy Street ló pè é.

Kì í ṣe ọ̀dà lásán ni wọ́n kùn sí i o. Irin pẹlẹbẹ ni pátákó kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á fọ irin náà mọ́ tónítóní, wọ́n á fi gíláàsì tí wọ́n ti lọ̀ kúnná bo ojú rẹ̀, wọ́n á wá tì í bọ inú iná ìléru tó gbóná tó nǹkan bí 800 ní ìwọ̀n Celsius. Gíláàsì á yọ́, á lẹ̀ mọ́ irin pinpin. Bí wọ́n bá tún tẹ àwọ̀ sí i, ó tún di inú iná. Abọ́ tánganran olódòdó tí àwọn ìyá wa fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò, bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì pupa òun búlúù tó wà ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Òjò ò lè fọ àwọ̀ rẹ̀ dànù, oòrùn ò sì lè tètè pa á.

Mo ti fọwọ́ kàn án rí. Ó tutù, ó ń dán, bọ́ọ̀sì tó ń kọjá sì ń hàn fírífírí lójú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àǹkárá á mọ ibi tí irú ìlà àti àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Àwọn kan á ní owó ṣòfò. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí náà yẹ lẹ́ni tó ń rí nǹkan tó dára wò, láìsan kọ́bọ̀. Láti 2021 tí wọ́n ti ṣí ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti Nine Elms àti ti Battersea Power Station, ẹsẹ̀ ti pọ̀ sí i ládùúgbò yẹn.

Rye Lane ní Peckham ló kàn lọ́kàn mi, níbi tí Yorùbá ti ń dún láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Afárá rélùwéè wà níbẹ̀ náà. Káńsù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ wa tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà síbẹ̀ kí wọ́n wá ṣe irú rẹ̀.