Kípà, Jáde Sí I!

Àwọn mẹ́ta tí a jọ ń gbé kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Wọn kì í mutí, wọn kì í jà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń gbálẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n fi ṣayé. Bí wọ́n bá ti tan tẹlifíṣọ̀n báyìí, ilé ti di pápá nìyẹn: ọ̀kan á gun orí àga, ọ̀kan á máa bú rẹfirí, ẹnì kẹta á máa kọ́ kóòṣì níṣẹ́. Èmi ò sí nínú ariwo wọn o, mo kàn máa ń jókòó tì wọ́n ni. Mo tiẹ̀ máa ń mú Bíbélì dání kí n lè ka orí kan ní hàfù táìmù. Orí náà kì í sábà parí.

Sáàmù kìíní ní ẹni ìbùkún kò rìn ní ìmọ̀ ènìyàn búburú, kò dúró ní ọ̀nà ẹlẹ́ṣẹ̀, kò sì jókòó ní ibùjókòó ẹlẹ́gàn. Èmi ò yọ ara mi lẹ́nu pé mò ń rìn tàbí pé mò ń dúró. Orí tìmùtìmù ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bọ́ọ̀lù wọ àfikún àsìkò, ó tún wọ pẹ́nárítì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà ní ìpàdé àdúrà, ojú mi wúwo bí òkúta. Màmá Díákónì gba gbohùngbohùn. Màmá wa yìí kì í gbàdúrà tútù.

"Baba! Ọ̀tá ti ya bọ̀! Wọ́n ti kọjá àgbàlá! Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà báyìí! Ta ni yóò dá wọn dúró?"

Mo fò dìde, ojú mi ṣì dì: "Kípà! Jáde sí i! Kí lò ń dúró wò?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mo la ojú kan. Ọmọ kékeré tó wà níwájú mi ti fi ìwé orin bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ni Màmá bá gbé e: "Bẹ́ẹ̀ ni, Baba! Olùpamọ́ Ísírẹ́lì tí kì í tòògbé, jáde sí wọn!"

Ìjọ dáhùn: "Jáde sí wọn!" A gbà á títí tí aṣọ fi lẹ̀ mọ́ wa lára. N ò rí àdúrà tó gbóná bẹ́ẹ̀ rí.

Pásítọ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kípà náà padà jáde?"

"Kò jáde, sà. Bọ́ọ̀lù wọlé."

"Èmi náà rí i." Wọ́n wúkọ́. "Gbọ́, láti Gálílì ni Pétérù ti ń tẹ̀lé Jésù bọ̀. Ó bá àwọn ìránṣẹ́ olórí àlùfáà yáná lóru kan ṣoṣo, kí àkùkọ tó kọ, ó ti ń ṣépè, ó ń búra pé òun kò mọ Jésù rí. Ìwọ tó ń yáná lójoojúmọ́ ńkọ́?"

Ó ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n pé ta ni àwọn náà ń bá yáná. Mo gbé e mì.

Mo délé, mo ròyìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀. Ẹni tó máa ń gun àga ní òun fẹ́ rí Màmá yẹn. Ó tẹ̀lé mi lọ ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n fún ẹgbẹ́ alátakò wọn ní pẹ́nárítì. Dípò kó gun àga, ó kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n: "Olùpamọ́ Ísírẹ́lì!" Bọ́ọ̀lù fò kọjá lókè ọ̀pá.

"Àmín" tí àwọn méjì yòókù ṣe, aládùúgbò wá kan ìlẹ̀kùn.