Kóríko Maryland àti Àgbàlá Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà n'Íbàdàn gbọ́ pé mo ń ra irúgbìn kóríko fún iwájú ilé mi ní Maryland l'Amẹ́ríkà, ló bá ní owó ti pọ̀ lọ́wọ́ mi jù. "Ohun tí à ń fi ọkọ́ ro dànù níbí!" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí ó rò pé ìgbádùn ni.

Nílé, àgbàlá tó mọ́ ni èyí tí a gbá tí erùpẹ̀ rẹ̀ ń dán. Bí kóríko bá sún mọ́ ògiri, ẹ̀rù ejò a máa bà wá. Kò gba àlàyé.

Ní Maryland, ìwé ló ń darí ilẹ̀. Ẹni tó bá ra ilé sí àdúgbò tó ní ẹgbẹ́ onílé ti tọwọ́ bọ òfin wọn. Bí iwájú ilé bá pá, lẹ́tà á dé, owó ìtanràn sì lè tẹ̀lé e. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀, tí wọ́n ṣe ní 2011: onílé kò gbọdọ̀ fọ́n ajílẹ̀ sórí kóríko láti 15 November títí di 1 March. Òjò ló ń wọ́ ajílẹ̀ lọ sínú Chesapeake Bay, ibi tí omi òkun ti ya wọ ilẹ̀, tí ewéko omi á gbilẹ̀ níbẹ̀, tí ẹja àti akàn kò sì ní rí èémí mí. Mo fara mọ́ òfin yìí tọkàntọkàn.

September ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oòrùn ti rọ̀ ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ó fi ẹ̀rọ lu ihò sílẹ̀ tó ti le, kí omi àti afẹ́fẹ́ lè dé ìdí gbòǹgbò. Lẹ́yìn náà ni a ó fọ́n irúgbìn fescue, irú kóríko kan tó fẹ́ràn ojú ọjọ́ tútù, a ó máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi hù. Bí ewé igi bá ń wọ́, a ó fi ẹ̀rọ agékóríko lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́, kí ó jẹrà síbẹ̀ di oúnjẹ ilẹ̀. Gbòǹgbò tó bá rìn jìnnà kí yìnyín tó dé ló ń mú kí kóríko yọ dáadáa ní ìgbà ìrúwé.

Ṣùgbọ́n mo ń dá a ṣe ni. N'Íbàdàn, èèyàn kò lè gbé ọkọ́ kí ará àdúgbò má dúró kí i "ẹ kú iṣẹ́ o", òmíràn á gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí, aládùúgbò á juwọ́, á wọ ilé lọ. Nígbà tí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé nípa ilẹ̀ mi, mo mọ̀ pé ẹnì kan tó ń gba iwájú ilé mi kọjá ló rí i. Kò kan ilẹ̀kùn. Kò bi mí bóyá ara mi yá. Ó fẹ́ kí kóríko mi sàn, kò fẹ́ mọ̀ mí. Owó irúgbìn kò tó èyí lóró.

Síbẹ̀, n kò ní padà. Orúkọ mi ló wà nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní kóòtù, kò sí ọmọ onílẹ̀ tó máa wá gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ mi tàbí kó ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Bàbá wa kú sórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má ka owó mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ pè mí lọ́jọ́ Sátidé tí mo bá ń fọ́n irúgbìn, kí ẹ kí mi kú iṣẹ́.